Ẹ́ẹ̀tì àti arẹ́sítọ̀ tí wọ́n ṣe sílé alájà mẹ́jọ wa ní Utako: owó rẹ̀ wọ́n, iṣẹ́ náà sì dáa

Ẹni tó bá ń gbé Àbújá mọ̀ pé òjò oṣù kẹrin kì í wọlé jẹ́jẹ́: àrá á ti sán títí kí ẹ̀kán omi tó kan ilẹ̀. Orí òrùlé ni áńtẹ́nà rédíò tí a fi ń bá àwọn dírẹ́bà wa sọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó kọ́kọ́ bá wa ṣe é so arẹ́sítọ̀ kan (ohun tó ń darí iná àrá kúrò lára rédíò) mọ́ wáyà áńtẹ́nà, ó gbowó, ó lọ. Ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wáyà tó yẹ kó gbé iná náà wọlẹ̀, ńkọ́? Ara irin fèrèsé ló so ó mọ́! Àrá sán nítòsí, kò tiẹ̀ ba ilé wa rárá, rédíò jó.

Arákùnrin tó wá tún un ṣe (ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Nyanya ló ń gbé) kò kọ́kọ́ gun òkè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ ná.” Ó fi ẹ̀rọ wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó (ohm ni wọ́n fi ń kà á): 41 ohm. Ó ní kò yẹ kó ju 10 lọ. Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ibí, tí ọyẹ́ bá sì dé, ilẹ̀ á gbẹ táútáú, iná àrá ò ní rọ́nà wọlẹ̀. Ọ̀pá bàbà mẹ́ta ló rì, ó fàyè sáàárín wọn, ó so wọ́n pọ̀. Mo ní ṣé kò ní da iyọ̀ àti èédú sí i bí àwọn yòókù ti ń ṣe ni. Ó ní iyọ̀ máa ń jẹ bàbà, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ. Amọ̀ bentonite ló pò sí i. Ó tún un wọ̀n, ó di 7. Ìyá olóúnjẹ ìsàlẹ̀ bi wá bóyá Olúkòso la fẹ́ rì mọ́lẹ̀.

Lórí òrùlé, ó ri ọ̀pá kan tó ga ju áńtẹ́nà lọ, ó fa bàbà pẹlẹbẹ sọ̀ kalẹ̀. Kò ká a ní igun rárá, nítorí àrá máa ń fò níbi tí wáyà bá ti ṣẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà nínú páìpù irin nítorí àwọn tó ń gé bàbà tà fún baban bola, àwọn tó ń ra irin àlòkù. Níbi tí wáyà áńtẹ́nà ti wọlé ló fi arẹ́sítọ̀ sí. Gáàsì ló wà nínú rẹ̀: tí iná bá ti ga jù, gáàsì náà á ṣílẹ̀kùn fún un lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wù mí jù ni pé ó so ẹ́ẹ̀tì ọ̀pá orí òrùlé, ti arẹ́sítọ̀ àti ti iná ilé pọ̀ mọ́ra. Tí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, inú rédíò gan-an ni iná máa gbà kọjá láti ìkan sí èkejì.

Ẹ̀sùn mi kò pọ̀. Inú àjà ló fi arẹ́sítọ̀ pamọ́ sí, bẹ́ẹ̀ gáàsì yẹn lè kú tí àrá ńlá bá ti gbà á kọjá. Àkàbà la máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó sì fi ihò sílẹ̀ lára ògiri wa láìdí i.

Àrá ti sán dáadáa látìgbà náà, rédíò ṣì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá bọ́ sórí áńtẹ́nà gan-an, áńtẹ́nà lè lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ wáyà tójú ọ̀run bá ti ṣú. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ó ní ká tún wọn ilẹ̀ náà lóṣù kejì, nígbà tó bá gbẹ jù. Owó yẹn lọ́tọ̀, màá san án.