Àǹtí Sípíìṣì tó ń wá sílé wa ní Ọ̀jọ́ọ̀: mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún

Ọdún 34 ni mo fi ṣe tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wá sọ pé òun máa san ₦15,000 lẹ́ẹ̀kan, fún ìṣẹ́jú 45 péré, kí ẹnìkan tó ń ran àwọn ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́wọ́ (speech therapist ni Òyìnbó ń pè é) lè wá bá ọmọ ọmọ mi ṣeré ní pálọ̀, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Gbé owó yẹn wá fún mi." Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni obìnrin náà ti wá báyìí, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọ náà, Àkànní là ń pè é nílé, yóò pé ọmọ ọdún mẹ́rin lóṣù tó ń bọ̀. Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ fún wa pé ó ní autism, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀, tí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe fi ń nira fún un. Bó bá fẹ́ mu omi, ọwọ́ mi ni yóò fà dé ìdí fìríìjì, yóò wá gbé e lé ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò ní wò mí, kò ní sọ nǹkan kan. Ọmọ yìí kan náà sì máa ń wí ìpolówó ọṣẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó máa ń sín ohùn ọkùnrin tó ń polówó náà jẹ ni. A rò pé eré lásán ni. Àǹtí Sípíìṣì (orúkọ tí mo fún un nìyẹn) ní rárá o, ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ ní odindi kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń já a sí wẹ́wẹ́. Ó ní ká má pa á lẹ́nu mọ́.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo ti gbé tábìlì kékeré kalẹ̀, mo rò pé ìwé ábídí ló máa kó jáde. Fóònù ló yọ. Ó ní kí èmi àti Àkànní máa ṣeré bí a ṣe máa ń ṣe é, kí òun ya fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kó ìkòkò àti ọmọrí wá láti ilé ìdáná, torí òun ló fẹ́ràn jù láyé. Mo wá ṣe tíṣà dójú àmì: "Kí nìyí? Àwọ̀ wo ni? Mélòó ni? Sọ ọ́, jẹ́ kí Àǹtí gbọ́!" Nígbà tí a ṣe tán, ó jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n máa ka iye ìbéèrè tí mo bi ọmọ náà. Mo kà á dé 31, mo dákẹ́. Ló bá dá fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ọwọ́ ọmọ náà nìkan ni kí n máa wò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àkànní na ọmọrí ìkòkò sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Nígbà kejì, ó tiẹ̀ yíjú wò mí fìrí. Àwọ̀ ni mò ń bi í, mi ò rí i. Mo ní kó pa fóònù náà ná, mo wọ ilé ìdáná lọ bu omi mu.

Ohun tó ní kí n máa ṣe kò pọ̀. Bó bá na ọmọrí sí mi, kí n gbà á, kí n sọ ọ̀rọ̀ kan: "Ọmọrí." Bó bá fi lu ilẹ̀, "Gbàù!" Kí n wá dákẹ́. Ibi dídákẹ́ yìí ló ti nira. "Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú yín dé ẹ̀wá, Màmá, kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀." Ẹ dán an wò níwájú ọmọ tí kò fọhùn, ẹ ó rí i bí ẹ̀wá ṣe jìnnà tó. Ní Sátidé tí a bá ra àkàrà, mi ò gbé e sínú àwo fún un mọ́. Mò ń já a ní díẹ̀díẹ̀, mò ń dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní, "Fú mi." Mo fẹ́ kó ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi," torí bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ ìyá rẹ̀. Àǹtí ní kí n fún un ní àkàrà ná, ọ̀wọ̀ máa dé. Mo fún un, àmọ́ kò tíì dùn mọ́ mi nínú títí dòní. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn ni pé obìnrin náà kò fi dandan mú un wo òun lójú. Ọmọ wo ló ń tẹjú mọ́ àgbà nílẹ̀ Yorùbá?

Èèyàn méje là ń gbé inú ilé yìí, tẹlifíṣọ̀n sì máa ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí NEPA á fi mú iná, kí àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ tó tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí a to àwọn fídíò náà jọ, Àǹtí fi hàn wá pé inú èyí tí a yà nígbà tí kò síná lohùn Àkànní ti pọ̀ jù. NEPA tí à ń bú lójoojúmọ́! Láti ìgbà náà, láago mẹ́rin sí mẹ́fà, ohunkóhun kò gbọdọ̀ tàn ní pálọ̀. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń kùn, kí wọ́n máa kùn.

Wọ́n ti sọ fún wa ní jẹ́lé-ó-sinmi pé Òyìnbó nìkan ni ká máa sọ sí i kí orí rẹ̀ má bàa dàrú. Gbogbo ilé wá ń sọ "Come, sit, eat" bí ọlọ́pàá. Àǹtí ní èdè tí a fi ń rẹ́rìn-ín, tí a fi ń jà, ni ká máa sọ, pé àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ kò rí i pé èdè méjì ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Inú mi dùn, mo padà sídìí oríkì. Láràárọ̀, bí mo bá ń kì í, tí mo bá dé orúkọ rẹ̀, mo máa ń dúró. Lọ́jọ́ kan ó fi imú kùn ún: dò-dò-mí. Kò sí k, kò sí n, àmọ́ ohùn pé. Àǹtí mú bíírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀.

Ará ilé ọkọ ọmọ mi kan ti ní iṣẹ́ alẹ́ tí ìyá Àkànní ń ṣe ló fa autism rẹ̀. Nọ́ọ̀sì lọmọ mi. Àǹtí dá a lóhùn níṣojú gbogbo wa. Ó ní ilé lè mú kí ọ̀rọ̀ rọ ọmọ lọ́rùn tàbí kó nira fún un, àmọ́ ilé kọ́ ló ń fa autism. Ó ní nígbà kan ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan ń di ẹ̀bi ru àwọn ìyá, wọ́n ní wọn kò fi ìfẹ́ hàn sí ọmọ, pé wọ́n tutù bíi fìríìjì, àfi ìgbà tí Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí ọmọ tirẹ̀ ní autism, kọ̀wé ta ko wọ́n ní 1964. Ọmọ mi náà lọ wá ọ̀rọ̀ fídíò yẹn kà: wọ́n ti fi irú rẹ̀ ran òbí lọ́wọ́ ní Manchester, London àti Newcastle, nínú ìwádìí ọmọ 152, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2010. Òbí ló kọ́kọ́ yí padà púpọ̀, tàwọn ọmọ kò tó nǹkan nígbà náà, ṣùgbọ́n ìwádìí ẹlẹ́ẹ̀kejì tó jáde ní 2016 rí i pé àǹfààní díẹ̀ ṣì wà lára wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá ń retí kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ àrọ̀yé lóṣù kan, kó fowó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn.

Máàkì kan tí mo yọ: ẹ̀ẹ̀mejì ló pẹ́ kọjá wákàtí kan, kò pè. Gbogbo ìròyìn tó kọ sílẹ̀, Òyìnbó ni, èmi tí mo wà pẹ̀lú ọmọ látàárọ̀ dalẹ́ sì ní láti dúró de ìyá rẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Káàdì àwòrán tó kó wá, yìnyín àti sáńwíìṣì ló kún inú rẹ̀. Èmi fúnra mi ya fọ́tò garawa, ẹ̀bà àti bàtà rẹ̀, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí.

Owó rẹ̀ wọ́n, mi ò ní parọ́. Ẹni tí kò bá lè san án, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2022 fún ẹni tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó wà láàárín ọdún 2 sí 9. Àǹtí ló júwe rẹ̀ fún wa, ọmọ mi sì ti ń ṣe é lórí fóònù.

A ti san owó ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Mo ti kìlọ̀ fún Àǹtí pé bó bá tún máa pẹ́, kó pè, torí láago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, Àkànní á ti gbé ọmọrí ìkòkò dání, á lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.