Istanbul tí ájẹ́ǹtì tà fún wa, àti Istanbul tí a fẹsẹ̀ wa wá

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ sanwó sí tuọ̀ Istanbul, ní ilẹ̀ Tọ́kì, tí wọ́n ń polówó káàkiri yìí, ó yá o, ẹ jókòó, torí mi ò lè máa tẹ ìdáhùn kan náà fún olúkúlùkù mọ́.

Ájẹ́ǹtì tá a lò, mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò burú. Físà jáde lásìkò, tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ayédèrú, ẹni tó wá pàdé wa ní éàpọ́ọ̀tù gbé páálí tí wọ́n kọ orúkọ wa sí dání, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ síbẹ̀, ìyá tó bí i ò lè dá a mọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì mọ́, omi gbígbóná ń yọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìwé "àwọn ibi tó yẹ kẹ́ ẹ rí" tí wọ́n fún wa, torí wọ́n dorí ẹ̀ kodò ni. Èyí tó ń mú kọmíṣọ́ọ̀nù wọlé fún wọn ló wà lókè téńté, èyí tó dáa gan-an wà nísàlẹ̀ àbí kí wọ́n má tiẹ̀ kọ ọ́ rárá.

Ẹ wo ohun tó ṣe nọ́ńbà kìíní: ọkọ̀ ojú omi alẹ́ lórí Bosphorus, pẹ̀lú oúnjẹ àti àwọn oníjó. Bosphorus ni omi tó la ìlú yẹn sí méjì, Yúróòpù lápá kan, Éṣíà lápá kejì, ibi tó rẹwà ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n kó wa jọ pẹ̀lú àwọn tuọ̀ míì títí tí ìgúnpá fi ń gbá ìgúnpá, sípíkà ń han létí, ìrẹsì tutù, gíláàsì fèrèsé sì ti ṣú fún èémí èèyàn débi pé ìmọ́lẹ̀ ìlú wulẹ̀ ń ṣe bàìbàì lójú ni. Owó tá a san níbẹ̀ ń dùn mí títí dòní.

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ẹ lọ sí Eminönü, níbi tí ọkọ̀ ojú omi tí àwọn ará ìlú fi ń lọ síbi iṣẹ́ ti ń gbéra, ẹ ra káàdì tí wọ́n ń pè ní Istanbulkart, ẹ kó owó sí i, ẹ fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ẹ wọlé. Káàdì yẹn náà lẹ máa fi wọ tíráàmù àti báàsì, ó tún ń wọ Marmaray, ìyẹn rélùwéè tó ń gba abẹ́ omi kọjá láti 2013, ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ ọ́ jálẹ̀, ó ní kí òun jókòó kí òkun wà lórí òun, ká má rí i. Láti Eminönü sí Kadıköy ò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, owó pọ́ọ́kú, ẹ ti kúrò ní Yúróòpù bọ́ sí Éṣíà nìyẹn. Ẹ má jókòó sínú o, ẹ lọ síta lẹ́yìn ọkọ̀. Ọkùnrin kan á gbé tíréè tíì wá, gíláàsì kékeré tí ìbàdí ẹ̀ fún, kò sí mílíìkì, hóró súgà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gíláàsì ọ̀hún á gbóná débi pé ẹnu ẹ̀ lókè nìkan lẹ lè fi ìka méjì dì mú. Àwọn ẹyẹ òkun funfun ń tẹ̀ lé ọkọ̀ torí àwọn èèyàn ń ju simit sí wọn, búrẹ́dì róbótó tí wọ́n fi yánmọtí yí lára. Ẹ̀gbọ́n mi na tiẹ̀ sókè, kò tíì jù ú tí ọ̀kan fi já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, igbe "Yé! Ọwọ́ mi o!" tó ké, gbogbo ọkọ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ alẹ́ fẹ́ fi hàn wá la rí níbẹ̀, kò sí gíláàsì láàárín.

Ibi kejì tí wọn ò kọ sínú ìwé wọn rárá ni Yerebatan. Ibi ìkómisí ni, lábẹ́ ilẹ̀, ọba Justinian ló ní kí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn láti inú oòrùn, òtútù á gbá yín lójú, òpó òkúta 336 ló tò lọ nínú òkùnkùn, ìkọ̀ọ̀kan ga tó mítà mẹ́sàn-án, omi wà nísàlẹ̀ tí iná pupa rẹ́súrẹ́sú ń tàn sí. Àwọn òpó yẹn ò jọra torí inú àwọn ilé àtijọ́ ni wọ́n ti tú púpọ̀ nínú wọn wá, ọ̀kan wà tí wọ́n gbẹ́ bí omijé sí lára látòkè délẹ̀, ó sì tutù rinrin. Ní ìkangun lọ́hùn-ún, orí Medusa méjì, obìnrin onírun ejò nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni wọ́n fi ṣe ìdí òpó, wọ́n dorí ọ̀kan kodò, wọ́n fẹ̀gbẹ́ èkejì lélẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wọ́n fún àwa àlejò, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ san owó síbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ san án sí.

Hagia Sophia ńkọ́? Ẹ lọ, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń bá lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní 537, ó di mọ́ṣáláṣí nígbà tí Sultan Mehmed gba ìlú ní 1453, ó di mùsíọ́ọ̀mù lẹ́yìn náà, ó tún padà di mọ́ṣáláṣí ní 2020. Láti 2024, €25 ni àlejò tó kàn fẹ́ wòran ń san, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ sì máa gbà, ìsàlẹ̀ wà fún àwọn tó ń kírun. Àwòrán Jésù àti Màríà tó wà lára ògiri òkè yẹn dáa lóòótọ́, àmọ́ èrò, ẹ̀yin èèyàn, èrò! Gáìdì wa fún wa láyè ká ya fọ́tò, kó tó di pé a mí, ó ti na àsíá ẹ̀ sókè, ó ní ó yá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni mọ́ṣáláṣí Süleymaniye, tí Mimar Sinan, ayàwòrán ilé fún àwọn sultan, kọ́ parí ní 1557. Ọ̀fẹ́ ni. Mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed tí wọ́n ń pè ní Blue Mosque, tó ní ṣóńṣó mẹ́fà, ọ̀fẹ́ lòun náà, wọ́n kàn máa ń ti àlejò mọ́ta lásìkò ìrun ni. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi ń kírun, bí ilé wa ṣe rí nìyẹn, torí náà ní Süleymaniye, ó wọlé lọ kí ìrun ọ̀sán, mo dúró sí àgbàlá ẹ̀yìn níbi tẹ́ ẹ ti máa rí omi Golden Horn nísàlẹ̀ rekete. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tá a rà ní Ìtòkú ni mo fi borí. Ìyá àgbàlagbà kan wá sún mọ́ mi, ó na ọwọ́ mú etí aṣọ náà, ó yí i wo ẹ̀yìn, ó fi ìka tọ ìlà ẹ̀, ó wá na ọwọ́ méjèèjì sókè bíi kó bi mí pé ṣé ọwọ́ lẹ fi ṣe é? Mo mi orí. Kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ Tọ́kì, a ṣáà ń rẹ́rìn-ín síra wa ni.

Ọjà Kapalıçarşı, tí òyìnbó ń pè ní Grand Bazaar, ju ọgọ́ta ojú pópó lọ nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé. Ẹ lọ wòran ni o, ẹ má lọ rajà, ẹ sì má lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè torí wọn kì í ṣí. Tẹ́ ẹ bá ti ní Nigeria, "Osimhen! Osimhen!" lẹ máa gbọ́ látinú ṣọ́ọ̀bù, torí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Galatasaray tó wọ̀ ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, tẹ́ ẹ bá dé Kadıköy, àwọn ọmọ Fenerbahçe, ẹgbẹ́ tó ń bá Galatasaray figagbága, ló nibẹ̀, Okocha tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí ni kẹ́ ẹ dárúkọ lọ́hùn-ún, ojú wọn á là. Ọmọ Ìtòkú tó bá mọ̀ ọ́n ná dáadáa, ṣé ẹ̀rù ọjà á bà á ni? Aṣọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wálé tà, Laleli làwọn tó mọ̀ ọ́n ń lọ, tíráàmù T1 ló ń débẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù nínú tuọ̀ náà nìyí. Ọ̀sán kan gbáko tó yẹ ká fi wo ìlú, ṣọ́ọ̀bù aláwọ kan ni gáìdì kó wa lọ, wọ́n ní ó wà lára ètò, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fún wa ní tíì, wọ́n wá ń gbé jákẹ́ẹ̀tì wọ̀ wá lọ́rùn. Kí n tó la ẹnu ná ọjà, wọ́n ti já owó sí ìlàjì fúnra wọn. Ẹ ronú sí owó àkọ́kọ́ yẹn.

Ààfin Topkapı dáa, ẹ má lọ ní Túsìdé torí wọ́n máa ń tì í. Àwọn ohun tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Ànọ́bì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ka Kùránì síbẹ̀ láìdákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Dáyámọ́ǹdì ńlá tí wọ́n ń tò wò, ó kàn ń dán ni.

Hamam, ìyẹn ilé ìwẹ̀ wọn, ẹ dá a wò. Òkúta gbígbóná lẹ máa sùn lé, obìnrin kan á wọ ìbọ̀wọ́ kese, á fi ha yín bí ìyá àgbà ṣe ń fi kànìnkànìn ha ọmọ tó yí iyẹ̀pẹ̀ mọ́ra. Ìdọ̀tí tó jáde lára mi, ẹ jẹ́ n má sọ ọ́.

Oúnjẹ, ata inú ẹ̀ ò tó ẹnu wa, ẹ dì ata gígún dání. Ọbẹ̀ mercimek, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtílì, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ á gbé yín ró láàárọ̀ òtútù, òtútù ọ̀hún kì í sì í ṣe eré láti Disẹ́ńbà dé Fẹ́búárì. Tí anubàtà tó ń rìn lọ níwájú yín bá já búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ má bá a he é, á fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, á nu bàtà yín, á wá bèèrè owó ńlá. Òkè pọ̀ nínú ìlú yẹn, ẹni tó ti ń gun Olúmọ á lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹ wọ bàtà tó rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lo ájẹ́ǹtì, ẹ lo ti físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti hòtẹ́ẹ̀lì nìkan, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yọ ọkọ̀ alẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù aláwọ kúrò. Wọ́n ní tiwa ò ṣeé yọ, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbarà tó lọ lẹ́yìn wa takú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì yọ ọ́, wọ́n dá owó ẹ̀ padà.