Ìbọn afẹ́fẹ́ mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, àti ojú òsì mi

Ilé ọtí kan wà nítòsí ibi tí mò ń gbé ní agbègbè Midlands, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti máa ń yìnbọn nínú yàrá ẹ̀yìn. Ẹ má jáyà, ìbọn afẹ́fẹ́ ni, èyí tí afẹ́fẹ́ ń ti ọta rẹ̀ jáde láìsí ẹ̀tù. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, ihò kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀, fífẹ̀ ihò náà kò sì pé mìlímítà 10. Agogo wà lẹ́yìn ihò. Ẹni tó fẹ́ yìn ín á dúró ní yáàdì 6. Bí ọta bá gba inú ihò kọjá, agogo á dún. Bí kò bá gbà á, ariwo irin lásán ni gbogbo ilé máa gbọ́, ẹnì kan á sì tún fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú irin náà kí àpá ọta tó kàn lè hàn. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló mú mi lọ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Ìran ni mo ní mo bá a lọ wò. Wọ́n ní kí n gbìyànjú, mo gbìyànjú, ìgbà kẹta agogo dún. Àtọjọ́ náà ni owó ti ń jáde lápò mi.

Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Ìbọn afẹ́fẹ́ mẹ́ta ló ti gba ọwọ́ mi kọjá, mo sì ń kọ èyí nítorí pé àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi níhìn-ín tí wọ́n rí fọ́tò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ìyá Tómi, ìbọn wo ni kí n rà?" Èmi náà á dá ìbéèrè padà: eré wo lẹ fẹ́ fi ṣe? Ìbọn tó ń lu agogo ní yáàdì 6 lè má wúlò nínú igbó ní yáàdì 45, èyí tó sì dáńgájíá nínú igbó lè sọ yín di ẹni yẹ̀yẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mo lé méjì, mo pòfo, mo tún sanwó rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò lọ́nà. Ní England àti Wales, ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tí agbára rẹ̀ kò bá ju ft-lb 12 lọ, ìyẹn bíi joule 16 (bí wọ́n ṣe ń wọn agbára ọta nìyẹn), kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá máa rà á gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, ojúkojú ni ẹni tó ń tà á níṣòwò sì gbọ́dọ̀ fi lé e lọ́wọ́. Scotland yàtọ̀: láti ìparí ọdún 2016 ni wọ́n ti ní kí àwọn oníbọn afẹ́fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ wà nílé mi, nítorí náà inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí mo tì pa ni tèmi ń gbé. Òfin náà ò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé 18 rí i gbé. Bí ẹ bá ń gbé e rìn níta, inú àpò rẹ̀ ni kó wà, kí ẹ sì ní ìdí gidi tí ẹ fi gbé e. Èmi kì í tilẹ̀ gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Àwọ̀ mi àti àpò ìbọn nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Feinwerkbau 300S ni mo kọ́kọ́ rà, iṣẹ́ àwọn ará Jámánì, àlòkù, £320. Ọjọ́ orí rẹ̀ ju tèmi lọ. Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀ kí i. Irin gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ máa fà á sẹ́yìn, yóò ki sípíríìǹgì inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó fi ọta òjé kan sí ojú ihò, ẹ ó dá irin padà. Ó parí. Kò wá sílíńdà, ìyẹn ìgò irin kékeré tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sí lára ìbọn mìíràn, kò wá páǹpù. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé bí ìbọn bá ti ró, ọ̀pá àti gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ á yọ̀ sẹ́yìn lórí irin tí wọ́n gbé e lé, igi tó wà léjìká yín kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìbọn onísípíríìǹgì yòókù a máa tàpá. Èyí kì í tàpá. Ó wúwo ṣá, ó súnmọ́ kìlógíráàmù 5, ṣùgbọ́n fún ẹni tó dúró lójú kan, ìwúwo yẹn ló ń jẹ́ kó fara balẹ̀.

Kò sí awò, ìyẹn dígí tó ń fa ohun tó jìn súnmọ́ ojú, lórí rẹ̀. Ihò kékeré kan ló wà lẹ́bàá ojú, òrùka kan sì wà lẹ́nu ìbọn. Inú ihò lẹ ó ti rí òrùka, ẹ ó wá gbé àmì dúdú sáàárín òrùka títí funfun á fi yí i ká dọ́gbadọ́gba. Bí ẹ bá mí, gbogbo rẹ̀ á lọ sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá sáré gun àtẹ̀gùn kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ó rí ọkàn yín níbẹ̀, àmì náà á máa sọ kúlúkúlú bí eéwo tó fẹ́ pọ́n. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ohun gbogbo lọ nínú eré yìí. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, oṣù márùn-ún ni mo fi yìn ín tí agogo ò dún bó ṣe yẹ. Ojú mi kì í dúró lórí àmì pẹ́. Bí mo bá rí àmì dáadáa nísinsìnyí, láìpẹ́ á di méjì. Mo yí ojú ìbọn, mo pààrọ̀ ọta, mo fi ọkàn bú ẹni tó tà á fún mi. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ló tú àṣírí. (Gbogbo èèyàn ló ń pè é lórúkọ. Ẹnu tèmi kò gbà á, ẹni ọdún 74! "Bàbá" ni mò ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ ẹ.) Ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí n fi wọ́n ṣe ihò kékeré, kí n la ojú méjèèjì wo gílóòbù òkè nínú ihò náà. Ó ní kí n di ojú òsì. Gílóòbù pòórá. Ó ní kí n la òsì, kí n di ọ̀tún. Gílóòbù wà níbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ojú òsì mi ni ọ̀gá, èmi sì ti ń fi ìránṣẹ́ yìnbọn láti ọjọ́ yìí.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Nílé wa ní Òṣogbo, ta ló jẹ́ fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Ta ló jẹ́ fi òsì bu òkèlè? Wọ́n ti gbá a kúrò lọ́wọ́ mi kí n tó wọ ilé-ìwé, ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé títí dòní. Wọ́n tún ọwọ́ ṣe, ẹnikẹ́ni ò rántí ojú.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣe ohun tí Bàbá ní kí n ṣe yẹn. Ìṣẹ́jú kan ni. Igi ìbọn àfidíje kì í ṣe igi lásán: wọ́n gbẹ́ ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n gbẹ́ ibi àtẹ́lẹwọ́, ẹni tó bá gbé ti ọ̀tún sí èjìká òsì, ńṣe ló máa dà bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì. Feinwerkbau ṣe 300S fún ọlọ́wọ́ òsì náà, ṣùgbọ́n mo wá a títí, mi ò rí àlòkù rẹ̀ rà.

Ìkánjú yẹn ló mú mi ṣe àṣìṣe tó wọ́n jù. Mo rí ìbọn onísílíńdà kan tó jẹ́ ti òsì ní ṣọ́ọ̀bù kan. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní dárúkọ ìbọn. £650. Ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń lọ sókè sódò, ìdí rẹ̀ ń gùn, ó ń kúrú, tírígà rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí ojú ń ṣẹ́. Èmi tí mi ò ga, ó bá mi mu bí aṣọ tí télọ̀ wọ̀n sí mi lára. Mo gbé e délé, mo gbé e lọ sí ẹgbẹ́ láti lọ rọ afẹ́fẹ́ sí i látinú ìgò ńlá irú èyí tí àwọn òmùwẹ̀ ń lò. Bàbá yí sílíńdà náà sọ́dọ̀ iná, ó ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní rọ afẹ́fẹ́ sí i nínú yàrá òun.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn báyìí ló ń fún sílíńdà wọn ní ọdún 10, láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ti ọwọ́ mi ti lé ọdún mẹ́rin kọjá ìyẹn. Kì í ṣe àṣejù. Bar 200 la máa ń rọ sínú rẹ̀. Táyà mọ́tò yín kò ju bíi bar 2 lọ. Ẹ fojú inú wo ohun tó le tó táyà lọ́nà ọgọ́rùn-ún, tó wà lábẹ́ àgbọ̀n yín, tí wọ́n ti ń rọ̀ tí wọ́n ń tú láti bí ọdún mẹ́rìnlá. Níbi ìdíje ẹ̀wẹ̀, òfin sọ pé ẹni tó ni ìbọn ló máa rí i pé ọjọ́ sílíńdà òun kò tíì kọjá. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ó ṣì ń gba afẹ́fẹ́ dáadáa, pé mo ti rí i kí n tó rà á. Lóòótọ́ mo rí i. Ta ló sọ fún mi pé kí n ka ara irin? Sílíńdà tuntun gba £240 lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni mo tó jẹ ìgbádùn rẹ̀. Eré mítà 10 ni wọ́n ṣe é fún, eré tó wọ Òlíńpíìkì ní 1984, òun náà ni Abhinav Bindra fi gba góòlù ní Beijing lọ́dún 2008, góòlù àkọ́kọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo máa gbà fún Íńdíà. Ọta 60, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, ìdúró ni gbogbo rẹ̀. Ọta fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 4.5, òǹkà 10 tí ẹ ń wá láàárín páálí tí à ń yìn jẹ́ ẹyọ tóótó kan tó jẹ́ ìdajì mìlímítà. Orí ọta náà tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó lè gé páálí ní ihò rogodo. Agbára ìbọn kò ju bí ìdajì ohun tí òfin gbà lọ, nítorí páálí kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni owó aṣọ. Jákẹ́ẹ̀tì kan wà tó le bí pákó, ṣòkòtò rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wọ̀ wọ́n á máa rìn bí egúngún tí eegun ẹ̀yìn ń dùn. Ẹ má rà á lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ yá ti ẹgbẹ́.

Mo wá gbé ìbọn yìí kan náà lọ sí igbó. Ìwọra ni. Eré tí wọ́n ń pè ní HFT (Hunter Field Target) ni, irin tí wọ́n gé bí eku, bí ehoro, bí kannakánná, tí wọ́n tò káàkiri igbó láàárín yáàdì 8 sí 45, ihò kan sì wà lára irin kọ̀ọ̀kan. Bí ọta bá gba ihò, irin á wó lulẹ̀, máàkì 2. Bí ó bá kan ara irin nìkan, máàkì 1. Wọn kì í sọ iye yáàdì fún yín, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ yí awò yín padà bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọta olórí pẹrẹsẹ mi ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí kò lówó, atẹ́gùn gbé e lọ bó ṣe wù ú. Nínú irin 30, mẹ́ta ló wó. Ọmọ ọdún 12 kan tó wà lẹ́yìn mi ń ṣàánú mi.

Air Arms TX200 ni mo wá rà fún ìyẹn, tuntun, ti ọlọ́wọ́ òsì. Hailsham ní Sussex ni wọ́n ti ń ṣe é. Onísípíríìǹgì ni, irin tí à ń fà wà lábẹ́ ọ̀pá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo agbára tí òfin gbà. Bí ẹ bá ń fà á, ẹ ó gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́: eyín irin ni, kí ó má baà já padà gé ìka tó ń ki ọta. Síbẹ̀ ẹ má fi ọwọ́ sílẹ̀ lára irin náà nígbà tí ìka yín bá wà nínú ihò. Ọta olórí rìbìtì ni mò ń lò nínú rẹ̀. Mo to awò mi sí yáàdì 30, ibẹ̀ ni ọta ti ń ba ojú ibi tí mo wò gan-an. Ní 45, ọta á ti rẹlẹ̀ ní bí íǹṣì 2, ní 8 náà á tún wà lábẹ́ díẹ̀ nítorí pé awò ga ju ọ̀pá lọ. Gbogbo ìyẹn ló gbọ́dọ̀ wà lórí.

Ó ń tàpá, mi ò ní parọ́. Kò le, ṣùgbọ́n bí mo bá gbá a mú gírígírí, ọta á lọ síbòmíì. Bí mo bá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọ tuntun, á lọ síbi tí mo rán an. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta kí ọwọ́ mi tó gbọ́. Pẹ̀lú awò, ó tó kìlógíráàmù 5, apá á sì ro yín nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ dìde yìn ín. Àwọn tó ń lo ìbọn onísílíńdà nínú igbó ń gba máàkì ju èmi lọ, mo gbà. Èmi ò fẹ́ gbé ìgò afẹ́fẹ́ wọ inú ẹrẹ̀.

Ẹ̀yà kejì tó wà nínú igbó, FT (Field Target), tó ń dé yáàdì 55, mi ò dé ìdí rẹ̀. Wọ́n ń fi awò ńlá wọn yáàdì, ìjókòó ni wọ́n sì ń yìn ín jù. Iye tí mo rí pé wọ́n ń ra awò nìkan tó ra ìbọn mi méjèèjì.

300S ńkọ́? Mo tà á fún ọmọkùnrin kan nílé ọtí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ojú ọ̀tún. Mo fi ojú méjèèjì rẹ̀ dán gílóòbù wò kí n tó gba owó. Ó ti ń lu agogo ju mí lọ.