Ìlẹ̀kẹ̀ idẹ tí mo rà ní Àbújá: idẹ rẹ̀ dáa, okùn rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó

Ó ti pé oṣù méje tí ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti wà lọ́rùn mi. Wuse ni mo ti rà á, 22,000 náírà, lọ́wọ́ ẹni tó máa ń kó ọjà wá láti Gánà: ìlẹ̀kẹ̀ idẹ mọ́kànlélógún, pẹ̀lú ẹyẹ Sankofa kékeré níwájú.

Kí n tó sanwó, mo yọ òòfà jáde nínú báàgì mi. Ọmọ tó ń tajà ní, "Màmá, idẹ gidi ni o." Òòfà ò gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ tó tún fẹ́ tà fún mi lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kí. Irin ni wọ́n fi nǹkan pupa bò lójú. Mo dá a padà. Òòfà nìkan kò sì tó o, torí kì í gbé alumíníọ̀mù náà. Ẹ gbé e sọ́wọ́, idẹ máa ń wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ló mú mi lọ́kàn. Ìda oyin ni àwọn Aṣántì, ẹ̀yà kan ní Gánà, kọ́kọ́ fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà. Wọ́n á ra á bí òwú, wọ́n á ká a, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á gbé e síná kí ìda yọ́ dànù, kí wọ́n tó da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Amọ̀ yẹn, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀kẹ̀ méjì kì í fi í bára dọ́gba. Ọ̀kan lára tèmi tẹ̀ wọnú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé ìka ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìda ṣì rọ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ọmọ náà ní oríire ni ìtumọ̀ ẹyẹ yẹn. Rárá o. Ẹyẹ tó yíjú sẹ́yìn ni, àwọn Akan, ẹ̀yà ńlá tí àwọn Aṣántì wà nínú rẹ̀, ń fi í sọ pé kí èèyàn padà lọ mú ohun tó gbàgbé. Òṣogbo ni wọ́n bí mi. Ìyá àgbà wa ní ẹ̀gbà idẹ Ọ̀ṣun mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n kú, a wọ̀n ọ́n fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, òun ni mo ṣe ra ẹyẹ yìí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni okùn já níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kubwa. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á nílẹ̀, ogún péré la rí. Ẹnu ihò ìlẹ̀kẹ̀ náà mú bí abẹ, wọn kò fi fáìlì ra á, ọ̀rá lásán ni wọ́n sì fi sín in. Mo padà lọ bá àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ní mo ti lò ó. Asínlẹ̀kẹ̀ kan nítòsí ilé mi gba 2,500, ó ra ihò wọn dán, ó fi wáyà sín in, kò tíì já látìgbà náà.

Tí òógùn bá mú un, ó máa ń kun ọrùn ní àwọ̀ ewé. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, màá sì nù ún gbẹ kíákíá.

Màá tún rà á. Àmọ́ kí n tó sanwó, màá ti ìka bọ ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan.