Mo fi igi sumac dán Plants of the World Online wò

Plants of the World Online, ojú òpó ọ̀fẹ́ nípa orúkọ àwọn ewéko àgbáyé àti ibi tí wọ́n ti ń hù, tí àwọn ará Royal Botanic Gardens, Kew (ọgbà ìwádìí ewéko ní Lọ́ńdọ̀nù), gbé síta ní ọdún 2017, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Igi sumac ni mo fi dán an wò, torí ọ̀rọ̀ igi kékeré yìí lọ́jú pọ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe oríṣiríṣi wọn; òmíràn ṣeé jẹ, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí ó bá kan ni lára, ìléròrò ló kù.

Mo tẹ Rhus coriaria, orúkọ ìjìnlẹ̀ sumac tó ṣeé jẹ. Ó kó o sábẹ́ Anacardiaceae, ẹbí kan náà pẹ̀lú máńgòrò àti kajú. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun gbogbo ibi tó ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀ nínú máàpù: láti etí Òkun Mẹditaréníà, gba Túrkì àti Ìránì, títí dé àárín gbùngbùn Éṣíà. Èso pupa tirẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ di èròjà kíkan. Ewé rẹ̀ sì ni àwọn aṣawọ ń lò láti ayébáyé. Rhus typhina, sumac mìíràn, ńkọ́? Ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà ni tiẹ̀. Jámánì náà yọ nínú máàpù rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ àlùkò ni wọ́n kùn ún, ìyẹn ni pé àlejò ni igi náà níbẹ̀, ènìyàn ló gbé e débẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, torí ọ̀pọ̀ ìwé ló ń da orírun igi pọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n kàn ń gbìn ín sí.

Ibi tó ti wú mi lórí jù ni ti orúkọ àtijọ́. Ẹ tẹ Rhus vernix, orúkọ tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Swídìn, fún sumac olóró ní 1753, ó máa darí yín sí Toxicodendron vernix tó ń jẹ́ báyìí. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Èso olóró yìí funfun, ó sì ń rọ̀ dirodiro. Ti Rhus gan-an pupa, ó nírun wínníwínní, ó sì ń dúró ṣùṣù lórí ẹ̀ka. Bákan náà ni Rhus lancea ti gúúsù Áfíríkà ti di Searsia lancea.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: odindi orílẹ̀-èdè tàbí ìpínlẹ̀ ni máàpù náà ń kùn. Inú àbàtà ni sumac olóró máa ń hù sí, síbẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ ló máa gba àwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà nítòsí òun gbọ́dọ̀ tún bi àwọn tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀.