Wage and Hour Division, Houston: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ group home, ìyẹn ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn tí kò lè dá tọ́jú ara wọn, ní Houston ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ọ̀gá yín jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni Wage and Hour Division. Wọ́n máa ń bá òṣìṣẹ́ gba owó tí ọ̀gá bá fọwọ́ mú, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Mọ́mì la máa ń pe ọ̀gá mi nígbà náà. Ilé méjì ni wọ́n ní, orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi forúkọ wọn sílẹ̀. Bí mo bá ṣe wákàtí 35 ní ilé kìíní, tí mo ṣe 25 ní ìkejì lọ́sẹ̀ kan náà, ṣẹ́ẹ̀kì méjì ni wọ́n á kọ fún mi, wọ́n á ní kò síbi tí mo ti kọjá 40. Tí n bá bèèrè ófátáìmù, wọ́n á ní, "Kọ́ńtírátọ̀ ni ẹ́, ṣebí 1099 lo gbà?" (1099 ni fọ́ọ̀mù owó orí tí wọ́n ń fún ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe.) Kọ́ńtírátọ̀ tí wọ́n ń sọ ìgbà tó máa dé àti ìgbà tó máa jẹun fún! Oúnjẹ ọ̀hún náà, wọ́n á yọ owó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ tòun ti ṣíbí lọ́wọ́ ni mo fi ń sáré gbé bàbá tí mò ń tọ́jú lọ sí ilé ìgbẹ́.

Nígbà tí mo pe Wage and Hour, obìnrin tó gbé fóònù kò bèèrè pépà ìgbélùú lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ wa. Ó ṣàlàyé pé láti 1938 ni òfin náà ti wà: wákàtí tó bá ti lé lórí 40 lọ́sẹ̀, owó wákàtí kan ààbọ̀ ni. Bó bá sì jẹ́ ẹnì kan ló ni ilé méjèèjì tó ń dárí wọn pọ̀, wọ́n lè ro wákàtí ibẹ̀ pọ̀. Dọ́là 14 ni mò ń gbà ní wákàtí. Lórí wákàtí 20 tó lé, tó yẹ kó jẹ́ dọ́là 21, dọ́là méje-méje ló ń bọ́ lọ́wọ́ mi, ìyẹn $140 lọ́sẹ̀, èmi sì ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run ṣe ọ̀nà owó iná!

Ẹ̀yìn ìwé Sunday School ni mo ń kọ wákàtí mi sí. Àwọn Wage and Hour gbà á, torí ọ̀gá ni òfin ní kó máa tọ́jú àkọsílẹ̀, Mọ́mì ò sì ní kankan tó ṣeé kà.

Wọn ò dárúkọ mi, àmọ́ Mọ́mì fura. Ni àwọn àgbà ìjọ bá dé: "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́." Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kóòtù wo? Wọ́n yẹ ìwé wò ni, wọ́n ṣírò owó, Mọ́mì san. Kódà àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tó ń bú mi ní kíṣìnì náà gba tiwọn.

Ìràwọ̀ tí mo yọ: ọdún méjì sẹ́yìn péré ni wọ́n lè bá ni gbà, ó di mẹ́ta bí ọ̀gá bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi wọn, ṣùgbọ́n owó mi tó ti kọjá yẹn ṣì ń dùn mí.

Nọ́ńbà wọn ni 1-866-487-9243. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ bèèrè ògbufọ̀.