Highlander Tòkúnbọ̀ Nínú Páàkì Abuja: Ẹ Mú Tépù Dání

Ẹni tó bá fẹ́ ra jíìpù Toyota Highlander tòkúnbọ̀ ní Abuja á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á yẹ gíà wò, á tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá omi ti mu ún rí. Ìbú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa ń bèèrè. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dé plaza kan ní Wuse 2, tí mègádì ń juwọ́, tó ń ké "zo, zo, zo" (máa bọ̀, máa bọ̀), tí ọkọ̀ dúró tán tí ilẹ̀kùn ò sì ṣí tó bí èèyàn ṣe lè gbẹ́sẹ̀ jáde, ọjọ́ náà lọ̀rọ̀ máa ń yé wọn. Nítorí náà, àyẹ̀wò yìí ò sọ̀rọ̀ epo, kò sì sọ̀rọ̀ eré. Bí ọkọ̀ yìí ṣe ń wọ ojú ilà, ìyẹn àyè ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀dà là sílẹ̀ ní páàkì, la fẹ́ wò, láti orí èyí tó jáde ní 2001 títí dé ti 2020.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilà náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mítà 2.4 ní ìbú àti mítà 4.8 ní gígùn ni ìwọ̀n àyè ọkọ̀ kan tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, òun náà la ó sì fi wọn nǹkan níbí. Nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ìlú Abuja, tí ìwé ètò rẹ̀ jáde ní 1979, Peugeot 504 ni ọkọ̀ ọ̀gá, Kaduna ni wọ́n sì ti ń tò ó pọ̀ láti 1975. Ìbú 504 jẹ́ mítà 1.69, gígùn rẹ̀ ò sì pé mítà 4.5. Bí 504 méjì bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàrin ilà 2.4, sẹ̀ńtímítà 71 ló wà láàrin wọn. Alágbádá gan-an á sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láì fi aṣọ nu eruku ara ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ wá gbé Highlander síbẹ̀. Ìran àkọ́kọ́, tó jáde láti 2001 sí 2007, gùn ní mítà 4.69, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 1.83. Tí méjì irú rẹ̀ bá dúró pọ̀, ó ku sẹ̀ńtímítà 57. Ìran kejì, 2008 sí 2013, fẹ̀ dé 1.91, ó wá ku 49. Ìran kẹta, 2014 sí 2019, jẹ́ 1.925; ti 2020 jẹ́ 1.93, ó wá ku bíi 47. Ẹ rí i pé láti 2008 ni ìbú ti fò sókè, sẹ̀ńtímítà méjì péré ló sì ti kún un látìgbà náà. Ẹni tó bá ń sọ pé òun ò ra ti 2020 nítorí pé ó ti fẹ̀ jù, tó wá lọ ra ti 2010, ìbú kan náà ló rà.

Gígùn ni ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra. Ìran kejì jẹ́ 4.79, ó wọ inú 4.8 bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó fún. Ti 2014 yọ imú síta ní sẹ̀ńtímítà 6, ti 2017 sí 2019 yọ ọ́ ní 9, ti 2020 tó gùn ní mítà 4.95 yọ ọ́ ní 15. Ẹ lè máa wò ó pé kí ni sẹ̀ńtímítà 15. Ọ̀nà àárín tí ọkọ̀ fi ń yí láàrin ìlà méjì máa ń nílò nǹkan bíi mítà mẹ́fà. Bí ọkọ̀ tọ̀tún tòsì bá yọ imú ní 15, ọgbọ̀n sẹ̀ńtímítà ti lọ nínú ọ̀nà yẹn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò sì fi bọ́ńpà rẹ̀ san án. Hilux tó gùn ní 5.33 ń bẹ ní páàkì kan náà.

Kí ló dé tí wọ́n ń fẹ̀ báyìí? Inú ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ wò. Irin tó dábùú ibẹ̀ láti gba ìkọlù ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú báàgì afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, gba àyè ju ilẹ̀kùn 504 lọ fíìfíì. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n sì ń ṣe Highlander fún fẹ́ kí èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn láì fi èjìká gbá ara wọn. Kì í ṣe Toyota nìkan. Ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù tó ń jẹ́ Transport & Environment wọn ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà níbẹ̀: ìbú wọn jẹ́ sẹ̀ńtímítà 177.8 ní 2018, ó ti di 180.3 nígbà tó fi máa di ìlàjì 2023. Ní Paris, láti oṣù kẹwàá 2024, àlejò tó bá gbé jíìpù elépo tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 1.6 wọ àárín ìlú ń san Yúrò 18 fún wákàtí kan. Abuja ò tíì débẹ̀. Pánẹ́bítà là ń san tiwa fún.

Sẹ̀ńtímítà 47 tá a ń sọ yìí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ara lè gbà kọjá, nítorí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ nípọn, ó sì ń jẹ nínú àyè náà tó bá ṣí. Ẹni tó sanra díẹ̀, tàbí ìyá tó wé gèlè tó sì gbé ọmọ lọ́wọ́, nílò tó 60 kó tó lè jáde bí ọmọlúàbí. Ohun tó dáa jù láti ṣe ni kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà àárín kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ wá sún ọkọ̀ mọ́ ìlà ọwọ́ ọ̀tún títí yóò fi ku bíi sẹ̀ńtímítà 10 níbẹ̀. Ìyókù, tó lé ní 35, á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ lápá òsì, ẹ ó sì fi ti aládùúgbò yín kún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkọ̀ ọwọ́ ọ̀tún kẹ́ ẹ tó sún: bí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá dojú kọ yín, awakọ̀ ibẹ̀ lẹ ń há mọ́lé yẹn. Ìyẹn ló ń fa ọ̀pọ̀ ìjà páàkì.

Ìbú tí Toyota kọ sínú ìwé kò ka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Dígí méjèèjì máa ń fi ohun tó tó ogún sẹ̀ńtímítà kún un. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká dígí rẹ̀, kì í ṣe bọ́tìnnì. Ẹ ká a kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì rántí ṣí i kẹ́ ẹ tó jáde sí títì.

Ibi tí Sienna ti gbọ́n ju Highlander lọ nìyí. Sienna 2011 fẹ̀ tó 1.985, ó sì gùn ju mítà márùn-ún lọ, síbẹ̀ fífà ni wọ́n ń fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta á sọ̀ níbi tí àyè ò ti ju ogójì sẹ̀ńtímítà lọ, ilẹ̀kùn ò sì ní kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń fi Sienna ná Abuja sí Lokoja lójoojúmọ́ ti mọ èyí tipẹ́. Ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tí ìgbéraga jíìpù ò sì dí i lójú, kó rò ó wò.

Ọ̀rọ̀ ríbáàsì wá kàn. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa fi wọ ojú ilà. Táyà iwájú ló ń yí, nítorí náà bẹ́ ẹ bá fi iwájú wọlé, táyà ẹ̀yìn á gé kọ́nà, á sì gbá igun ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Highlander ìran kẹta nílò nǹkan bíi mítà 11.8 láti yí po. Ohun tó túmọ̀ sí nínú páàkì ni pé táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ti kọjá àárín àyè tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ní nǹkan bíi mítà 4.4, ìyẹn ìwọ̀n àyè ọkọ̀ méjì ó dín díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi sítíárìn sípẹ̀kun kẹ́ ẹ sì máa bọ̀ sẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣe ni pé àyè kan péré ni wọ́n ń kọjá, wọ́n ti yí i. Ọkọ̀ á wá gba orí ilà kọjá, ìdí rẹ̀ á lọ bá ọkọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ má tún sítíárìn yí níbẹ̀. Ẹ tọ́ ọ, ẹ padà síwájú, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mègádì á pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo.

Kámẹ́rà ẹ̀yìn wà lára gbogbo Highlander láti 2014. Lára ti 2008 sí 2013, àwọn kan ní in, àwọn kan ò ní. Òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti oṣù karùn-ún 2018. Ìṣòro ibí ni pé ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè ti yọ rédíò àtilẹ̀wá, kó fi ojú Android sí i. Fólìtì 6 ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Toyota ń jẹ. Bí rẹ́wáyà bá so ó mọ́ 12 tààrà, á ṣiṣẹ́ lónìí, á jó lọ́la. Ẹ bèèrè nǹkan tó ń dín iná kù láti 12 sí 6 kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, eruku á bo ojú kámẹ́rà láàrin ọjọ́ méjì. Omi díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Bẹ́ ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, yanrìn inú eruku á họ ojú rẹ̀, àwòrán á sì di kúrukúru títí láé.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń dún "pìì pìì" tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ dáa, bí ẹni tó dè é bá mọ̀ ọ́n dè. Mẹ́rin ló máa ń wà nínú páálí, pẹ̀lú ohun èlò tí wọ́n fi ń lu ihò. Ọ̀pọ̀ jẹ́ mìlímítà 22, ṣùgbọ́n ẹ wọn tiyín. Kí ihò wà láàrin sẹ̀ńtímítà 50 sí 65 sílẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ilẹ̀ ló máa rí, á máa dún láìsí nǹkan kan. Ọfà tó wà lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Wáyà pupa rẹ̀ lọ sí iná ríbáàsì, dúdú lọ sí ara irin. Bí wọ́n bá kun bọ́ńpà tí ọ̀dà nípọn lójú sẹ́ńsọ̀, á di adití. Ohun mìíràn tí kì í rí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dá dúró, ṣéènì tí wọ́n nà sẹ́nu ọ̀nà, àti kọnkéré kékeré tó wà nílẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ràn láti rì mọ́ ẹnu páàkì kiri ìlú yìí.

Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn wọlé tí ògiri sì wà níbẹ̀, búùtù ò ní lè ṣí. Oríṣi Highlander tí wọ́n ń pè ní XLE àti Limited nínú ìran kẹta ní ohun kan tó yẹ ká yìn níbí: gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí lọ́tọ̀, láì gbé gbogbo ilẹ̀kùn. Báàgì ọjà Wuse á gba ibẹ̀ wọlé. Àpò ìrẹsì ò ní gbà, ẹ má tan ara yín.

Ní ti ilé, àwọn tó ń gbé terrace ní Lokogoma tàbí Gwarinpa kí wọ́n wọn iwájú ilé kí wọ́n tó ra ìkejì. Highlander méjì nìkan jẹ́ mítà 3.85. Ẹ fi 60 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan àti sáàrin, ó di mítà 5.65. Bí ìloro yín bá jẹ́ mítà 5, ọkọ̀ kan á máa sùn lẹ́yìn géètì.

Ti 2008 sí 2013 la fara mọ́ fún ẹni tó ń lọ sí plaza àtijọ́ lójoojúmọ́, nítorí pé ó ṣì wà nínú 4.8. Ti 2014 sí 2019 ló dáa jù fún ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ síbi tí àyè ti gùn tó mítà márùn-ún. Kámẹ́rà rẹ̀ nìkan ti tó ìdí. Ti 2020 kò fi nǹkan kan sàn jù nínú páàkì. Ẹni tí kò bá sì ní èrò méje, RAV4 2013 sí 2018 tó fẹ̀ ní 1.845 á fún un ní sẹ̀ńtímítà mẹ́jọ sí i, mẹ́jọ yẹn sì ni ìyàtọ̀ láàrin kéèyàn jáde àti kó gba búùtù jáde.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé e sáàrin ọkọ̀ méjì, kó fi sẹ̀ńtímítà 47 sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ jókòó sídìí sítíárìn, ẹ jáde. Lẹ́yìn náà, kí ìyàwó ilé jókòó sẹ́yìn, kí òun náà jáde.